Fọ́tò ìyá kún inú fóònù mẹ́fà, kò sí ọ̀kan tó ṣeé gbé kọ́ ògiri

Ìbéèrè yìí wá láti Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó béèrè ni:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa papòdà ní oṣù tó kọjá, ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Ọmọ mẹ́fà ni wá, gbogbo wa la sì ní fóònù tó ń ya fọ́tò. Nígbà tí a fẹ́ tẹ fọ́tò ńlá tí a máa gbé síwájú pósí, tí a ó sì gbé kọ́ pálọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, a tú inú fóònù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. A rí fọ́tò ìyá tó lé ní igba, a ò rí ọ̀kan tó dára tó. Èyí tí a wá tẹ̀ ṣú, ojú ìyá sì rí bí ìgbà tí omi dà sórí àwòrán. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan wà ní yàrá wọn tí wọ́n yà ní 1974, dúdú àti funfun ni, téèyàn bá dúró síwájú rẹ̀ á lè ka ilà ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ̀rọ àtijọ́ ló dára ju tòde òní lọ ni, àbí àwa ni a ò mọ̀ ọ́n yà?”

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá, ẹ sì kú ìnáwó. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Kò sí oṣù kan báyìí tí ìdílé kan kì í gbé fóònù wọ sítúdíò mi nígbà tí ìsìnkú bá ku ọ̀la, tí wọ́n á ní kí n bá àwọn wá ọ̀kan tó dára níbẹ̀. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, a ó máa fi ìka ti fọ́tò lọ, ẹnì kan á bú sẹ́kún, ẹnì kan á máa bínú sí ẹnì kejì pé, “Ìwọ lo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, kí ló dé tí o ò yà wọ́n dáadáa?” Ọdún 39 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo ti kọ́ ọ, Kétu ni mo ti ń ṣe é, mo ti fi fíìmù jẹun, mo sì ti fi kámẹ́rà dìjítà tí kò lo fíìmù jẹun. Mo lè dá yín lóhùn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ẹ̀rọ ọwọ́ yín kò burú, ẹ̀yin náà kì í ṣe òpè. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní 1974, ìyá yín jókòó ya fọ́tò. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti di ohun tó ń gbé inú àpò gbogbo wa, kò sẹ́ni tó tún ní kí wọ́n jókòó mọ́. Wọ́n kàn ń yà wọ́n ni.

Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe rí, nítorí pé nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ní 1986, ohunkóhun kò tíì yí padà. Ọ̀gá mi ní kámẹ́rà Yashica kan, irú èyí tó lójú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ojú òkè ni ayafọ́tò fi ń wo èèyàn, ojú ìsàlẹ̀ ni fíìmù fi ń rí i. Wọn kì í gbé e sójú. Iwájú ikùn ni wọ́n ń gbé e sí, ayafọ́tò á tẹrí ba wo gíláàsì kékeré orí rẹ̀, níbi tí ọ̀tún ti máa ń di òsì. Ẹ̀ẹ̀mejìlá péré ni fíìmù inú rẹ̀ lè yà, ó tán.

Tí obìnrin bá wọlé pé òun fẹ́ ya fọ́tò, ọ̀gá mi kì í tètè sún mọ́ ẹ̀rọ. Á kọ́kọ́ bi í pé, “Ta lẹ fẹ́ fún?” Mo rò pé ìbéèrè yẹn ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́, nítorí ẹni tó ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ọkọ tó wà ní Libreville kì í jókòó bí ẹni tó ń yà á fún ìyá rẹ̀. Á fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀. Á ní kí ó fa gèlè sẹ́yìn kí iwájú orí lè hàn. Á gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orúnkún, á tẹ́ ẹ kí òrùka má bàa sápamọ́. Á wá padà sẹ́yìn, á tẹrí ba, á máa wò ó. Èmi ni mo máa ń di iná mú, apá á ti máa ro mí. Obìnrin náà á kọ́kọ́ le bí igi, á fi ahọ́n ra ètè, á mí kanlẹ̀. Ó di ìgbà tó bá ti fẹ́ gbàgbé pé ẹ̀rọ wà níwájú òun, tí èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ “kẹ́”. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Tí owó bá wà, ẹ̀ẹ̀mejì.

Kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Méjìlá gbọ́dọ̀ pé ká tó gbé fíìmù wọ yàrá òkùnkùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa ka ìṣẹ́jú bí fíìmù ṣe wà nínú oògùn, kí n dà á sínú haipó, oògùn tí kì í jẹ́ kí àwòrán parẹ́, kí n sì fi omi ṣàn án dáadáa. Tí ó bá gbẹ, ọ̀gá mi á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn ju gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Ìwé funfun gbalaja á wà nínú abọ́ oògùn lábẹ́ iná pupa, ibi tó dúdú jù ló máa kọ́kọ́ jáde: irun, ẹyinjú, ojú ilà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tẹ̀lé e, gèlè funfun ló máa dé gbẹ̀yìn. Tó bá gbẹ tán, ọ̀gá mi á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ọjọ́ àti nọ́ńbà fíìmù sẹ́yìn rẹ̀, á ti nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, bọ inú àpò ìwé, àpò ìwé á wọ inú àpótí.

Bí gbogbo ilẹ̀ yìí ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní Bamako, olú ìlú Mali, Seydou Keïta tó ṣí sítúdíò rẹ̀ ní 1948, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń tẹ ẹ̀rọ fún oníbàárà, nítorí fíìmù wọ́n. Àwọn fọ́tò ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni wọ́n wá tẹ̀ ní títóbi ní àwọn ọdún 1990 láti ara nẹ́gátíìfù tó kó pamọ́, tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní Àjàṣẹ́ tiwa, Joseph Moïse Agbodjelou, tó wà láyé láti 1912 sí 1999, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ Leonce Raphael, tí àwòrán àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Egúngún tó ń yà ti dé òkè òkun. Ẹ wo ojú àwọn tó wà nínú fọ́tò wọn. Gbogbo wọn mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo inú fóònù. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi mẹ́wàá tó dára jù lójú yín ránṣẹ́ sí mi, ẹ ṣeun tí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́. Nínú méjì, ìyá gbé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ ni wọ́n ń yà. Nínú ọ̀kan, orí ìyá gé níbi ìpéǹpéjú. Ọ̀kan jẹ́ ti ibi ìgbéyàwó, ṣíbí wà lẹ́nu wọn. Méjì jẹ́ sẹ́ẹ́fì, fọ́tò téèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ara rẹ̀: ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin gba iwájú, ìyá wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀, wọ́n ń wo ibòmíràn. Ọ̀kan, wọ́n jókòó síwájú fèrèsé, ìta mọ́ rekete, ojú wọn dúdú bí inú ìkòkò. Ọ̀kan mì. Nínú èyí tí ẹ tẹ̀ fún ìsìnkú, ilà ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, màá padà sórí rẹ̀. Ìkẹwàá ni wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n gbójú sókè wo ẹni tó ń yà wọ́n bí ẹni tó fẹ́ bi í pé, “Ṣé o ti jẹun?” Màá padà sórí ìyẹn náà.

Kí ló ba èyí tí ẹ tẹ̀ jẹ́? Nǹkan mẹ́ta pàdé lórí rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Fíìmù inú Yashica ọ̀gá mi, ojú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ mìlímítà 56 ní ìbú, 56 ní òòró. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń rà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6 ní ìbú, 4 tàbí 5 ní òòró. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ti fíìmù yẹn tóbi ju ti fóònù lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Fóònù dà bí abọ́ kékeré tí wọ́n gbé síta fún òjò: tí òjò bá pọ̀, á kún, kò sí wàhálà, tó bá jẹ́ ìrì lásán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò tutù. Inú yàrá ni wọ́n ti ya ìyá, lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù kan. Ẹ̀rọ fi ipá sọ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn di púpọ̀, hóró-hóró yọ kálẹ̀ lójú fọ́tò, ẹ̀rọ tún wá fẹ́ pa hóró náà rẹ́, ó sì pa awọ ojú rẹ́ mọ́ ọn. Omi tí ẹ rí nìyẹn.

Ìkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní “Beauté” nínú àwọn fóònù wa. Ó ń dán ojú. Ó ń wá gbogbo ìlà, egbò àti àmì tó wà lára awọ, ó ń nù wọ́n kúrò. Ẹni tó ṣe é kò mọ̀ pé ilà ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ nílẹ̀ wa, lójú ẹ̀rọ, egbò ni. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Mo ti rí fọ́tò bàbá arúgbó tí ilà rẹ̀ parẹ́ pátápátá, tí àwọn ọmọ ń yìn ín pé ó dán. Ẹ lọ sínú kámẹ́rà fóònù yín lónìí, ẹ wá nǹkan yẹn, ẹ yí i sí òdo, kí ẹ tó ya àgbàlagbà kankan mọ́.

Ìkẹta ni WhatsApp. Fọ́tò dìjítà jẹ́ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀, píksẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Fóònù tó ní píksẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 12 ń to 4,000 sí ẹ̀gbẹ́ gígùn, 3,000 sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú. Ṣùgbọ́n tí àbúrò yín tó wà ní Kútọnu bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ohun tó máa dé ọwọ́ yín kò sábà ju 1,600 ní ẹ̀gbẹ́ gígùn, nítorí wọ́n ń fún un pọ̀ kí ó má bàa jẹ owó íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ ìyẹn sórí ìwé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70: píksẹ́ẹ̀lì 23 péré ló máa wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Èyí tí kò gba WhatsApp kọjá á ní 57, ìyẹn sì tó fún ohun tí a fẹ́ gbé kọ́ ògiri. Fọ́tò kékeré téèyàn máa mú lọ́wọ́ ló ń fẹ́ nǹkan bíi 118. Láti oṣù kẹjọ 2023 ni wọ́n ti fi HD sórí WhatsApp, ó sàn jù, ṣùgbọ́n ohun tí èmi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi ni pé tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ fún títẹ̀, ẹ tẹ “Document”, ẹ má tẹ “Galerie”. Bó ṣe wà ló máa dé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ tuntun kò lè bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ní oṣù Kejìlá 1975, ìyẹn lẹ́yìn tí Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ di Bẹ̀nẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù tó ṣáájú, Steven Sasson ya fọ́tò pẹ̀lú kámẹ́rà dìjítà àkọ́kọ́ ní iléeṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ náà wúwo tó kílò 3.6, píksẹ́ẹ̀lì 10,000 péré ló ní, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló sì ń gbà á kí ó tó gbé fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ti inú àpò yín fi ìgbà 1,200 jù ú lọ. Kodak tó kọ́kọ́ ṣe é kò tètè gbé e jáde, fíìmù ni wọ́n ń tà. Nígbà tó di January 2012, wọ́n sá wọ ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti awa aláwọ̀ dúdú. Kámẹ́rà kì í sábà mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó lójú fọ́tò ló ń wọ̀n, ó sì ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà láàárín funfun àti dúdú. Tí ìyá bá wọ léèsì funfun, tó dúró síwájú ògiri funfun, ẹ̀rọ á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyá ló sì máa san gbèsè náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láyé fíìmù aláwọ̀, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ibi ìfọfọ́tò, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló wà lórí rẹ̀, “Shirley” ni wọ́n ń pè é. Awọ obìnrin yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ fọ́tò ti pé. Ọdún pípẹ́ ni awọ tiwa kò fi sí nínú ìwọ̀n náà. Lórí fóònù, ẹ lè ṣe ìdájọ́ fúnra yín: ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà lórí gíláàsì, ẹ dúró kí àmì oòrùn kékeré yọ, ẹ fi ìka fà á sókè títí ilà á fi hàn. Tí ògiri ẹ̀yìn bá funfun jù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ tún má sún mọ́ wọn jù. Ojú kámẹ́rà fóònù fẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sún mọ́ ojú èèyàn, imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Ọ̀gá mi kì í dúró níbi tí kò tó mítà kan àtààbọ̀. Ẹ dúró ní mítà méjì, ẹ tẹ “2×”.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á pé mo ní ká padà sí fíìmù. Mo rántí obìnrin kan tó rin ìrìn wákàtí mẹ́ta wá ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ tuntun. Nígbà tí a fọ fíìmù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojú rẹ̀ pàdé, ọmọ sì yí orí. Fíìmù ti tán, owó ti lọ. Lónìí, ojú ẹsẹ̀ ni yóò rí i, a ó tún un yà. Àwọn abúlé wà ní àyíká wa tí arúgbó ti máa ń kú láìní ju fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ kan lọ, tí a ó wá máa fẹ̀ ẹ́ títí òǹtẹ̀ ìjọba á fi tóbi ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ olóògbé lọ. Ìyẹn ti ń tán lọ, mo sì dúpẹ́.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ńkọ́? Gẹ̀lẹ̀dé wa tí UNESCO, àjọ àṣà àgbáyé, kéde ní ogún gbogbo aráyé ní 2001, ọ̀sán rẹ̀ nìkan ni àwa ayafọ́tò máa ń lè yà dáadáa. Tó bá di òru tí Ẹ̀fẹ̀ jáde tó ń kọrin, fíìmù 400 tó wà lọ́wọ́ wa (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣe ń tó o) kò lè rí nǹkan kan lábẹ́ àtùpà, àfi ká tan fíláàṣì, fíláàṣì sì máa ń pa òru náà run: ojú agọ̀ á funfun báláú, àwọn èrò ẹ̀yìn á di òkùnkùn birimù. Kámẹ́rà tí mo ń lò báyìí, mo lè gbé e dé 6400, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó kéré ju tìgbà náà lọ ní ìlọ́po 16 tó fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ya Ẹ̀fẹ̀ láìtan fíláàṣì, tí mo rí ojú àwọn ìyá tó jókòó yí i ká, tí iná àtùpà ń ṣeré lára gèlè wọn, mo jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ níbẹ̀, mo ń wò ó títí wọ́n fi kọrin mìíràn.

Ẹ̀bùn ńlá ni. Ohun tí mo ń bẹ gbogbo èèyàn fún ni kí wọ́n dá ìjókòó padà sí i. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bóyá lọ́jọ́ Àjọ̀dún tàbí ọjọ́ tí gbogbo ọmọ bá wálé, kí ẹnì kan sọ fún bàbá tàbí ìyá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ aṣọ tó wù yín, ẹ wá jókòó, a fẹ́ ya fọ́tò yín.” Ẹ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí wọ́n kọjú síta, kí òrùn má bọ́ sí wọn lójú tààrà. Ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má tètè tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá ti yà á, ẹ mú ọ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ pa ìyókù tì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ní igba fọ́tò tí kò mú ìkankan nínú wọn ti fi iṣẹ́ yíyàn sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ojú rẹ̀ kún fún omijé.

Nípa pípa á mọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ní 2011, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni mo kó sínú kọ̀ǹpútà kan. Iná lọ, iná padà dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, díìsì inú rẹ̀ jóná. Ìgbéyàwó lọ, ìsọmọlórúkọ lọ, fọ́tò bàbá kan tí mo yà ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó kú náà lọ. Mo ní láti dúró níwájú ọmọ wọn sọ ọ́ fún un. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ń ṣe: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú díìsì tó dá dúró, ọ̀kan sí ilé àbúrò mi ní Àjàṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, àpótí nẹ́gátíìfù ọ̀gá mi ṣì wà, kò bá ẹnikẹ́ni fa iná.

Ẹ tún béèrè lẹ́yìn ìwé yín bóyá kí ẹ gbé fọ́tò náà fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tún ojú ṣe. Ẹ má ṣe é. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń sọ fọ́tò bàìbàì di kedere kò mọ ìyá yín; ojú àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ti rí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹyinjú á dán, eyín á tò, ilà á yí, ẹ ó sì gbé ẹni tí kò bí yín kọ́ pálọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ayafọ́tò wa ti máa ń dá ọgbọ́n sí fọ́tò tẹ́lẹ̀. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, láyé fíìmù, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ méjèèjì pọ̀ kí ìbejì lè pé. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, ojú tí wọ́n sì lò, ojú ọmọ inú ilé náà ni.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ padà sórí èyí tí ìyá ti ń bó ẹ̀gúsí. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bọ́ sí wọn ní ẹ̀gbẹ́, ilà wọn hàn, ẹ̀rọ kò mì, wọ́n sì ń wo ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ti jókòó fúnra wọn. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ti gba WhatsApp kọjá, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ta ló yà á, kí onítọ̀hún wá ojúlówó rẹ̀ nínú fóònù tirẹ̀, kí ó tó ta fóònù náà tàbí kí ó tó pàdánù rẹ̀. Tí ẹ bá rí i, ẹ gé abọ́ ẹ̀gúsí kúrò tí ó bá wù yín. Èmi á fi í sílẹ̀.

Fọ́tò 1974 ńkọ́, ẹ gbé e wá pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Tí ojú fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì nítorí ọ̀rinrin, ẹ má fà á. Ojú ìyá ló máa kù sára gíláàsì. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá yà á láti òkè gíláàsì pẹ̀lú iná ẹ̀gbẹ́ méjì kí ó má baà dán. Tí kò bá lẹ̀, ẹ rọra yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bóyá ayafọ́tò fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Tó bá kọ ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ta ló ń ya fọ́tò nílùú nígbà náà, kí ẹ lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá àpótí nẹ́gátíìfù bàbá wọn ṣì wà nílé. Tí ẹ bá rí ti ìyá níbẹ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún, eruku á ha á. Ẹ gbé e wá bó ṣe wà nínú àpò rẹ̀.